Ohùn Ẹ̀gbọ́n Ọládèjì Tí Mo Pa Rẹ́

Ojúlé Kẹrìnlá,
Ẹ̀yìn Ọjà Sábó,
Yaba, Èkó.
Ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù kẹwàá, 1996.

Àǹtí Sẹ̀gilọlá mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ṣé àlàáfíà ni ẹ wà ní Mushin? Ṣé orúnkún tó ń dùn yín ti fúyẹ́? Fúnlọ́lá ńkọ́, ṣé ó ń gbádùn ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀? Ara tèmi le, mo dúpẹ́, ọkàn mi ni kò balẹ̀. Ẹ ó ti máa wò ó pé Débọ̀ ti di ọ̀gá, kò mọ ọ̀nà ilé wa mọ́. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ojú lọ̀rọ̀ wà, ṣùgbọ́n ojú yẹn gan-an ni n kò ní. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú kálàmù.

Nínú oṣù keje, ẹ bi mí léèrè téèpù tí ohùn Ẹ̀gbọ́n Ọládèjì wà nínú rẹ̀, kí Fúnlọ́lá, tí ẹ bí lẹ́yìn ikú bàbá rẹ̀, lè gbọ́ bí bàbá òun ṣe ń sọ̀rọ̀. Mo sọ fún yín pé òjò wọ yàrá tí à ń kó téèpù sí, ó sì bà á jẹ́. Àǹtí mi, irọ́ ni mo pa. Òjò kankan kò wọbẹ̀. Èmi ni mo pa ohùn ọkọ yín rẹ́, ọwọ́ ara mi ni mo fi ṣe é.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe lọ. Ẹ mọ bí ẹ̀ka eré ìdárayá ilé iṣẹ́ amóhùnmáwòrán wa ṣe rí nígbà tí Ẹ̀gbọ́n dá a sílẹ̀ ní 1986: yàrá kan, èèyàn mẹ́ta, kámẹ́rà kan tó jẹ́ pé a máa ń tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn oníròyìn ni. Takisí la fi ń gbé e lọ sí pápá ìṣeré ní Sùúrùlérè, orí itan mi ni mo sì máa ń gbé e sí kó má baà gbò. Àwọn tó kù níbi iṣẹ́ ń pè wá ní agbábọ́ọ̀lù tí kò ní bàtà. Ẹ̀gbọ́n a kàn rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n tí Ẹ̀gbọ́n bá ti gbẹ́nu lé eré, tí wọ́n ń fi Yorùbá sọ bí bọ́ọ̀lù ṣe ń lọ, àwọn tó ń wò wá nílé kì í dìde lọ mumi. Ẹ̀gbọ́n ló kọ́ mi níṣẹ́. Nínú abọ́ yín ni mo ti ń jẹun, ẹ kò sì fìgbà kan bi mí pé ìgbà wo ni n ó lọ sílé.

Nígbà tí ibà gbé Ẹ̀gbọ́n lọ ní 1988, oyún Fúnlọ́lá ni ẹ gbé sínú. Lẹ́yìn ikú wọn ni ẹ̀ka wa wá ń gbèrú. Wọ́n fún wa ní ọkọ̀, kámẹ́rà di mẹ́ta, èèyàn di mọ́kànlá, gbogbo ọ̀sán Sátidé sì di tiwa. Téèpù nìkan ni kò pọ̀ sí i, nítorí òkè òkun ni wọ́n ti ń rà á. Ọjọọjọ́ Ẹtì la máa ń ṣa àwọn ti àtijọ́ jọ, a ó gba eré tuntun lé wọn lórí. Ẹni tó bá fẹ́ kí a dá ọ̀kan sí gbọ́dọ̀ buwọ́ lùwé fún un ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Ẹyọ kan ṣoṣo tí ohùn Ẹ̀gbọ́n kù nínú rẹ̀ jẹ́ eré àṣekágbá kan. Ẹ̀gbọ́n fúnra wọn ló lẹ pílásítà funfun mọ́ ọn, wọ́n kọ ọ́ sí i pé: Ẹ MÁ PA ÈYÍ RẸ́. Fún ọdún méjì, èmi ni mo ń bá wọn buwọ́ lùwé.

Ní oṣù kọkànlá 1990, ọ̀gá wa, Ọ̀gbẹ́ni Ọláolú, ní kí èmi náà sọ bí eré kan ṣe ń lọ, ìgbà àkọ́kọ́ mi nìyẹn. Inú mi dùn débi pé oúnjẹ kò wọ̀ mí lẹ́nu. Nígbà tó di ọjọ́ Ẹtì, téèpù gígùn kan ṣoṣo tó kù tó lè gba odindi eré ni ti Ẹ̀gbọ́n. Ọ̀gá ní, "Débọ̀, tó ò bá fẹ́ lò ó, a máa sún tìẹ síwájú títí téèpù fi máa dé. Ọwọ́ ẹ ló wà o." Wọn kò fipá mú mi. Kí n ṣáà buwọ́ lu ìwé yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i ni. Mo mú bírò. Mo wá rò ó pé tí wọ́n bá sún un, ẹlòmíràn lè gbà á mọ́ mi lọ́wọ́. Mo gbé bírò sílẹ̀. Mo fi èékánná ṣí pílásítà yẹn, ó ya, mo sì ha ìyókù kúrò.

Eré yẹn ló sọ mí di èèyàn. Láti Makoko dé Jíbówú ni wọ́n ti mọ ohùn mi, tí wọ́n fi sọ mí di olórí ẹ̀ka lọ́dún tó kọjá. Bí ẹ̀ka náà ṣe ń ga ni ojú túbọ̀ ń tì mí.

Ẹ rántí ọjọ́ tí a ṣí ilé tuntun ẹ̀ka wa ní oṣù keje yẹn, tí mo fi ẹ̀yin àti Fúnlọ́lá jókòó níwájú. Wọ́n fi eré kan hàn wá, wọ́n ní òun ló sọ ẹ̀ka wa di ńlá. Ohùn mi ló ń dún níbẹ̀. Ẹ pàtẹ́wọ́ fún mi, Fúnlọ́lá tilẹ̀ dìde dúró. Téèpù yẹn náà ni, Àǹtí mi. Ó sì tún wá jẹ́ pé ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ́yìn náà ni ẹ béèrè ti Ẹ̀gbọ́n, tí mo purọ́ òjò lójú ọmọ náà.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń wá ẹni tó gba eré Ẹ̀gbọ́n kankan sílẹ̀ nílé ara rẹ̀. N kò rí. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ ń bá a. Tèmi kò tíì pé ogún ọdún, n kò sì fẹ́ kó pé. Lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀, n ó wá sí Mushin. Tí ẹ bá ti ilẹ̀kùn mọ́ mi, ó tọ́ sí mi. Tí ẹ bá ṣí i, n ó fẹnu ara mi sọ fún Fúnlọ́lá.

Ọlọ́run yóò wo ọmọ náà dàgbà lójú yín. Ẹ kò ní fojú sunkún rẹ̀, ẹ ó sì jẹun ọmọ pẹ́.

Èmi ni àbúrò yín tí ẹ bọ́, tó ṣe yín ní ibi,
Débọ̀.

Àfikún: Kí n tó pa á rẹ́, mo gbọ́ ọ títí dé òpin. Nígbà tí eré parí, Ẹ̀gbọ́n rò pé a ti pa ẹ̀rọ, wọ́n ní, "Ẹ yára o jàre. Ìyàwó mi àti ọmọ inú ẹ̀ ò ní jẹun tí mi ò bá tíì délé." Ẹ bá mi sọ ọ́ fún Fúnlọ́lá, torí kò sí ibòmíràn tí ọ̀rọ̀ náà wà mọ́ láyé yìí. Orí ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn wà nínú téèpù gan-an ni mo ti sọ pé, "Ó dàbọ̀ o, ẹ̀yin òǹwòran wa."