Ọ̀pá Idẹ Kò Ní Àmì

Orrin,

Má yin ìbọn rẹ tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ṣakabùlà Clem bẹ́ mọ́ ọn lójú láàárọ̀ yìí ní pápá ìdíje. Clem ọkọ mi ti ki í lẹ́ẹ̀kan, ló bá dúró ń fi ọ̀pá ìkìbọn onídẹ tuntun yẹn yangàn, ó gbàgbé, ó tún ki ẹ̀tù àti ọta mìíràn lé e. Mo ní, "Clem, ṣé o ò ti ki í?" Ó ní, "Verna, ìwọ lo wá fẹ́ kọ́ mi níbọn yíyìn?"

Ọ̀pá onígi àtijọ́ ní àmì tí wọ́n fi ọ̀bẹ gé sí i lára. Bí àmì náà ò bá wọ ẹnu ìbọn, ẹ̀tù ti wà nínú rẹ̀ nìyẹn. Ìwọ lo sọ fún un pé onídẹ ló yẹ ọkùnrin. Mi ò bá ẹ jà. Ọ̀pá onídẹ náà lo fi ki tìẹ lánàá, nítorí náà fi onígi wọ̀n ọ́n wò.

Búrẹ́dì àgbàdo wà lórí sítóòfù. Jẹun kó o tó wá sí ọsibítù. Tó o bá dé, má dárúkọ ojú ọ̀tún Clem. Ó rò pé báńdéèjì ni kò jẹ́ kóun ríran, dókítà ò sì tíì sọ fún un.

Verna