Òbúkọ Mi àti Òjò Karangjati

Ọjọ́bọ̀, 9 Oṣù Kọkànlá
Ó ti bẹ̀rẹ̀. Ọkọ mi kò gbọdọ̀ fara kan omi títí àwa àti abúlé Sumberwaru yóò fi gbá bọ́ọ̀lù àṣekágbá tán lọ́jọ́ Àìkú. Òun ló ń dá òjò dúró fún Karangjati, abúlé wa. Tó bá wẹ̀ pẹ́nrẹ́n, òjò dé nìyẹn. Òjò ti dójú tì í lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún yìí, ọ̀kan níbi ìgbéyàwó ọmọ Pak Lurah, baálẹ̀ wa. Baálẹ̀ ní tí ẹ̀kán òjò kan bá kán lọ́jọ́ Àìkú, ará Sumberwaru lòun máa gbéṣẹ́ náà fún. Sumberwaru! Kí ilẹ̀ lanu kó gbé wa mì.

Sátidé, 11
Ó ń rùn. Láti òní lọ, Òbúkọ lorúkọ rẹ̀ nínú ìwé yìí.

Àìkú, 12
Kò sí bọ́ọ̀lù. Ìyá àgbà kan kú ní Sumberwaru láàárọ̀, wọ́n sún un sí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Kí Ọlọ́run tẹ́ màmá sáfẹ́fẹ́ rere — àmọ́ ṣé wọn ò lè dúró ká na àwọn ọmọ wọn tán ná? Ọ̀sẹ̀ kan sí i láìwẹ̀. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ bá àwọn olókùú sunkún.

Ìṣẹ́gun, 14
Mo ti kó ẹní mi lọ sílé ìdáná. Òbúkọ gidi, ẹ̀bùn ẹni tó bá borí, wà lórí ìso lẹ́yìnkùlé Mbok Rasmi, aládùúgbò wa. Mo ní tiyín yìí sàn ju tèmi lọ. Ó ní, "Tèmi ni wọ́n máa pa jẹ o. Tìẹ ńkọ́?"

Ẹtì, 17
Òbúkọ dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. "Ìyá Ratri, ṣé o ò ní wá sùn sínú ilé ni?" Mo ní, "Bàbá Ratri, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí bọ́ọ̀lù parí ná." Ó padà sínú ilé. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Imú mi ni kò gbà.

Sátidé, 18
Ọ̀fìnkìn dá mi wólẹ̀. Ọpẹ́ ni — mi ò gbọ́ òórùn kankan mọ́. Màá mu omi atalẹ̀, màá tètè sùn.

Àìkú, 19
Ohùn mi ti há.

Òbúkọ ki ata àti àlùbọ́sà bọ ṣóńṣó ìgbálẹ̀, ó rì í mọ́lẹ̀ lẹ́yìn àwọ̀n wa; oògùn tó fi ń dá òjò dúró nìyẹn. Oòrùn ń ràn ganrínganrín. Sumberwaru ti háyà ọmọ ìgboro kan, bàtà pupa lẹ́sẹ̀, ó ń sáré bí olè ewúrẹ́. Kí a tó jókòó dáadáa, góòlù! Mo bú u, mo bú ẹni tó rán bàtà rẹ̀.

Ìlàjì kejì, ojú ọ̀run ṣú. Ẹ̀kán kan. Lẹ́yìn náà, òjò tú dà sílẹ̀. Gbogbo pápá ń pariwo: "Sarpin! Ṣé wọ́n ti fi ata rẹ sebẹ̀ ni?" Baálẹ̀ tutọ́. Ọkọ mi fa ìgbálẹ̀ rẹ̀ tu, ó forí lé ilé. Mo fẹ́ tẹ̀ lé e. Mi ò tẹ̀ lé e — bọ́ọ̀lù ń lọ lọ́wọ́.

Pápá di ẹrẹ̀. Bàtà Pupa ṣubú, ó dìde, ó tún ṣubú. Wiji tiwa, tí ẹrẹ̀ oko ìrẹsì ti mọ̀ láti kékeré, bọ́ bàtà dànù. Ọ̀kan-ọ̀kan! Wọ́n gbá a lójúgun, ó ń tiro, kò jáde. Ó ku díẹ̀ kó parí, ó gbá òmíràn. Gólì wọn fò, ó fò kọjá bọ́ọ̀lù. Bọ́ọ̀lù ti rì sínú ọ̀gọ̀dọ̀ níwájú àwọ̀n. Wiji rọra tiro lọ, ó fi àtàǹpàkò tì í wọlé. Méjì sí ọ̀kan! Baálẹ̀ yí nínú ẹrẹ̀ bí ẹfọ̀n.

Ajé, 20
Baálẹ̀ gbé itan òbúkọ wá. "Sarpin, àgbà ọ̀jẹ̀! O mọ̀ pé ẹrẹ̀ ló máa gbè wá!" Gbogbo abúlé ti gbà bẹ́ẹ̀. Kí ọkọ mi rẹ́rìn-ín, kó gba ẹran, ó parí.

Ó ní, "Pak Lurah, mo wẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Mo lọ sódò, mo fi ọṣẹ sí i. Iṣẹ́ yìí ò tọ́ sí mi mọ́. Ẹ gbé e fún ará Sumberwaru."

Baálẹ̀ gbé itan òbúkọ rẹ̀ padà lọ.

Mo pariwo mọ́ ọkọ mi. Ọbẹ̀ mi ti wà lórí iná! Kí lẹ wá wẹ̀ fún? Ó ń wolẹ̀. Ó ní òun ò rí oorun sùn láti ìgbà tí mo ti kó ẹní jáde. Òun wẹ̀ kí n lè padà wọlé, àmọ́ nígbà tóun fi ti odò dé, mo ti sùn.

Mo sunkún díẹ̀. Mo ká ẹní mi, mo gbé e wọlé. Ó ti sùn báyìí, ó ń hanrun. Ó fi orúkọ rẹ̀ ra ìwẹ̀ kan nítorí mi, imú mi sì dí pa. Mi ò tíì gbọ́ òórùn ọṣẹ náà rárá.