Òkìtì Èèrà Tí Mo Da Omi Gbígbóná Sí

Ẹ kú ilé o, Màámi. Mo kúnlẹ̀ lókè òkun níbí, lórí kápẹ́ẹ̀tì ní Mission Bend, mo kí yín. Mo kí Bùọ̀dá Délé tó ń ka lẹ́tà yìí sí yín létí; kí wọ́n má sáré kà á o. Mo kí gbogbo ìyàwó ilé. Ẹni tó bá rí i kà nínú ìwé ìròyìn tí mo fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí náà lè bá wa gbọ́. Ìyá ọkọ bíi tèmi kì í tán láyé.

Ara mi le. Oòrùn ibí ò yàtọ̀ sí tiwa, àmọ́ ooru wọn lómi nínú bí aṣọ tí wọn ò fún dáadáa, á lẹ̀ mọ́ èèyàn lára. Ilé àwọn arúgbó ni mo ṣì ń ṣiṣẹ́. Mo ń wẹ̀ wọ́n, mo ń bọ́ wọn, mo ń padà sílé tí kò sẹ́ni tó máa ní kí n kú iṣẹ́. Ó ti mọ́ mi lára látìgbà tí bàbá Táyọ̀ ti kú.

Ọ̀rọ̀ Táyọ̀ gan-an ni mo fẹ́ sọ. Ẹ mọ̀ pé iléeṣẹ́ epo ní Deer Park ló wà, ẹ sì mọ̀ pé ọmọ Philippines ló fẹ́, Marisel tó ń ṣe nọ́ọ̀sì. Rosenberg ni wọ́n ń gbé. Ìyókù ni n ò sọ fún yín.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí Marisel wá kí mi, mo bi í bóyá ó ti jẹun. Ó tẹrí ba, ó ní, "Opo." Màámi, ọwọ́ mi dúró lórí ìkòkò. Ọkọ mi ò tíì pé ọdún kan nílẹ̀, ọmọdé wá ń pè mí ní opó nínú ilé mi! Mo fi Yorùbá bi Táyọ̀ pé ṣé èébú ló kọ́kọ́ kọ́ ọ ni. Ló bá bú sẹ́rìn-ín. Ó ní Mummy, ẹ fara balẹ̀ jàre, "bẹ́ẹ̀ ni, mà" ló ń wí. Pé "po" yẹn dà bí "ẹ" tiwa, àgbà ni wọ́n ń sọ ọ́ fún. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín. Àmọ́ ọ̀rọ̀ náà ò kúrò létí mi.

Marisel máa ń fi fíìmù ilé wọn hàn mí lórí fóònù. Òmìrán kan á jókòó sórí igi ńlá, á máa mu tábà. Obìnrin arẹwà kan ló ni òkè, òun ló ń ṣọ́ ẹranko ibẹ̀. Diwata ni wọ́n ń pe irú rẹ̀. Mo ní iwin inú ìrókò lásán ni, kí ló wà níbẹ̀ tí n ò mọ̀.

Nígbà tó lóyún oṣù mẹ́ta, wọ́n wá lọ́jọ́ Sátidé kan. Èèrà pupa kan wà níbí, oró wọn ju ti tanpẹ́pẹ́ lọ. Wọ́n ti mọ òkìtì sẹ́yìn ilé mi, mo sì ti gbé omi kaná. Bí mo ṣe gbé ìkòkò jáde, Marisel di apá mi mú. Ó ní bàbá arúgbó kékeré kan ń gbé inú irú òkìtì bẹ́ẹ̀, èèyàn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tọrọ ààyè, kó ní "tabi-tabi po". Ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n sọ ọ́. Mo ní ọmọ Jésù là ń jẹ́ nílé yìí, kó má kó ẹbọra wá bá mi. Mo da omi náà. Ó dúró tì mí, ó fọwọ́ lé ikùn, ó ń bá mi sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́.

Lọ́sẹ̀ kejì, oyún náà bàjẹ́. Dókítà ní kò sẹ́ni tó fà á, pé ó máa ń ṣẹlẹ̀. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Táyọ̀ ní kò sẹ́ni tó ń bínú sí mi. Àmọ́ ó di oṣù méjì, wọn ò yà wá mọ́. Tí mo bá pè, á ní Mummy, ọwọ́ wa dí ni. Mi ò sunkún. Mo lọ síbi iṣẹ́, mo dé, mo fọ abọ́ tí n ò fi jẹun. Ẹ rí abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń fún èèyàn kí wọ́n tó yọ ọ́ léyín? Gbogbo ara ló ṣe mí bẹ́ẹ̀. Táyọ̀ nìkan ni mo bí, Màámi.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo ń da omi iṣu nù sẹ́yìn ilé, ẹnu mi ṣàdédé ní: Ẹ yàgò o, omi gbígbóná rèé! Ta ló kọ́ mi? Ẹ̀yin ni. Ẹ ò jẹ́ da omi gbígbóná sílẹ̀ láìsọ ọ́, ẹ̀yin tí ẹ kì í pa ṣọ́ọ̀ṣì jẹ. Ohun tí ọmọ yẹn ní kí n sọ náà nìyẹn. Mo dúró síbẹ̀ títí ìkòkò fi tutù lọ́wọ́ mi.

Sátidé tó kọjá, mo gba orí freeway, títì ńlá eléré tí mo máa ń bẹ̀rù, mo wakọ̀ lọ sí Rosenberg. Kọ́kọ́rọ́ ilé wọn wà lọ́wọ́ mi. Ṣe ni mo máa ń ṣílẹ̀kùn wọlé tẹ́lẹ̀, láìbéèrè. Lọ́tẹ̀ yìí, mo dúró síta. Mo rí mọ́tò Marisel, mo mọ̀ pé ó wà nílé. Mo kanlẹ̀kùn, mo ní, "Àgò o." Mo tún kàn án. Mo ní, "Tabi-tabi po," bó ṣe wá sí mi lẹ́nu. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ tó dé ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ó dúró. Mo wá bi í bóyá kí n wọlé.

Ó ní, "Opo."

Ibi tó dé nìyẹn. Ó ṣílẹ̀kùn, a jọ jókòó. Màámi, ẹ pe orúkọ rẹ̀ nínú àdúrà yín, ẹ ní Marisel, kí ẹ tó pe tèmi. Ọlọ́run á dá yín sí títí ó fi máa wá kúnlẹ̀ kí yín. Ẹ kí gbogbo ilé, àgbà àti èwe. Tó bá sì dé, tó dá yín lóhùn pé opo, ẹ má jẹ́ kó dùn yín bó ṣe dùn mí.

Èmi ni, ọmọ yín,
Fọlákẹ́, ìyá Táyọ̀.