Ẹni Tó Rí Lùkúmọ̀n ní Pápá Oníkan

Àlímọ̀t ọ̀rẹ́ mi,

Nusrat, ọmọ-ọmọ mi, ló ń bá mi kọ ìwé yìí. Mo ní ohun tó bá ti ẹnu mi jáde ni kó kọ. Kí Khairiyyah ọmọ rẹ kà á sí ọ létí, kó pariwo, torí o kì í gbọ́ fóònù mọ́. Ṣé orúnkún tó ń dùn ọ́ ti san? Kí Ọlọ́run fún ọ ní àlàáfíà. Èmi ń jẹun, mo sì ń rìn.

Lùkúmọ̀n ọkọ mi kú ní ọjọ́ Jímọ́ọ̀. Wọ́n sin ín kí ilẹ̀ tó ṣú.

Èrò kún ilé wa ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó. Àáfà ní ó ta léèsì ní Balógun, kò rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ, kì í pa ìrun jẹ. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó dárúkọ bọ́ọ̀lù. Mo sọ láti àárín àwọn obìnrin pé, "Kípà ni ní pápá Oníkan. Òun ló ń ṣọ́lé." Àdìjátù ìyàwó ọmọ mi ní, "Màmá, ẹ rọra," ó gbé omi fún mi bí ẹni pé orí mi ti dà rú. Mo mu ún.

N kò bá wọn wí. Kò sí ẹni tó rí i lórí pápá rí nínú wọn. Ìwọ àti èmi la jókòó lórí sìmẹ́ńtì gbígbóná yẹn ní Oníkan, tí a fi gèlè bo orí. Bí òjò bá rọ̀, omi máa ń dúró lẹ́nu ilé gòólù. Lùkúmọ̀n á bẹ́ sínú rẹ̀, á sì dìde pẹ̀lú bọ́ọ̀lù láyà. Ọjọ́ tí bọ́ọ̀lù bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, o pariwo pé, "Lùkúmọ̀n, ṣé òróró lo fi pa ọwọ́ ni?" Ó yíjú padà láti bú ọ, gòólù kejì wọlé. Ó wá sílé yín nírọ̀lẹ́ láti bá ọ jà. Èmi ló bá.

Nígbà tí wọ́n wó pápá àtijọ́ tí wọ́n kọ́ tuntun, èmi pẹ̀lú rẹ̀ lọ wò ó. Ó di irin ọgbà mú, ó ń wá ibi tó máa ń dúró sí. Ó ní, "Ṣé wọ́n gbé ilé gòólù kúrò ni, àbí ojú mi ni?" Mo ní ojú ẹ ni. Ó rẹ́rìn-ín, a padà sílé. Báyìí, bí afẹ́fẹ́ bá gbé ariwo Oníkan wá, kò sí ẹni tí màá bi pé ta ló gbá a wọlé.

Jímọ́ọ̀ tó ń bọ̀ ni àdúà ọjọ́ kẹjọ. Wá. N kò ní kó o wá sunkún. Dìde láàrin èrò, kó o sọ pé ojú rẹ ló rí i. Bí èmi nìkan bá tún sọ ọ́, omi ni wọ́n máa gbé wá.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ ká fojú sunkún ọmọ. Kó fún ọ lágbára láti wọkọ̀ láti Ìjẹ̀bú.

Èmi ni Hàlímọ̀, ọ̀rẹ́ rẹ láti kékeré.

Mo gbàgbé: sọ fún Jíbrílù, tí òun àti Lùkúmọ̀n jọ gbá bọ́ọ̀lù. Kí òun náà sọ fún Salahudeen tó wà nínú ẹgbẹ́ wọn. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ti kú, má fi pamọ́ fún mi. Jẹ́ kí Khairiyyah kọ ọ́ ránṣẹ́, kí n mọ iye wa tó kù.