Òkúta Tí Mo Ra

Ẹ kú ilé o, Bàámi. Ẹ kú àìgbúròó, ẹ sì kú ìbínú. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Ìlọrin níbí. Mo kí Màámi, mo kí àwọn ìyàwó ilé, mo kí Láyí àbúrò mi tó máa ń ka lẹ́tà fún yín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun gan-an ló kó mi sí wàhálà. Ìdí rèé tí mo fi gbé èyí sínú ìwé ìròyìn, kí ẹni tó mọ̀wé ju Láyí lọ lè bá yín kà á, kí gbogbo Ìkìrun sì ṣe ẹlẹ́rìí mi.

Fìlà tí mo fi ránṣẹ́ sí yín ti padà dé o. Dẹ́rẹ́bà ló gbé e wá bá mi ní Challenge, Ìlọrin níbí, nínú ọ̀rá tí mo fi dì í gan-an. Ó ní ẹ ní kí n fi ta ẹni tó ta òkúta fún mi lọ́rẹ, pé ọmọ tó bá ju òkúta bàbá bàbá rẹ̀ nù kì í ṣe ọmọ tí í ra fìlà fún bàbá, kí n má sì wá sílé ọdún bí mi ò bá lè mú òkúta náà dání. Háà! Bàámi! Mo dúró láàárín títì, mọ́tò ń fun fèrè fún mi, mi ò mọ̀ bóyá kí n rẹ́rìn-ín ni tàbí kí n sunkún. Ẹkún ni mo sun nígbẹ̀yìn.

Ẹ jẹ́ kí n rò ó láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ mọ̀ pé ilé àlejò kan ní GRA ni mo ti ń dáná. Ọ̀bẹ mẹ́fà ló wà níbẹ̀, èmi ni mo ń pọ́n gbogbo wọn. Òkúta tí ẹ gbé lé mi lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí mo ń kúrò nílé ni mo ń lò, nítorí ẹ ní ọ̀bẹ tó kú ló ń gé onílé lọ́wọ́. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ má bínú, òkúta yẹn ti dà bí abọ́. Láti ìgbà bàbá yín, àárín rẹ̀ nìkan ni gbogbo yín ń pọ́n àdá lé, ó ti jẹ wọnú. Àdá ò kọ̀ ọ́, torí ẹnu àdá yọ síwájú, ó ń wọ inú ihò yẹn wẹ́kú. Ọ̀bẹ tèmi gùn, ó sì tọ́. Bí mo bá fi lé e, etí òkúta nìkan ló ń kàn, kò kan àárín rárá. Màá pọ́n, màá làágùn, ọyẹ́ á tún la ọwọ́ mi, bí mo bá wá fi gé tòmátì, ńṣe ló máa rún wómúwómú. Ọ̀gá mi obìnrin kìlọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó kìlọ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó ní bí òun bá tún rí irú tòmátì bẹ́ẹ̀ níwájú àlejò, kí n máa di ẹrù mi.

Ni mo bá gba Ọjà-Ọba lọ. Ẹ wò ó, mo ra ọ̀kan lóòótọ́, mi ò ní purọ́. Ó dán, igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gún, ẹni tó tà á sì búra pé òkè òkun ló ti wá. Mo délé, mo rẹ ẹ́ sómi bí ẹ ṣe kọ́ wa. Kí n tó padà dé ìdí rẹ̀, ó ti di ẹrẹ̀. Sìmẹ́ńtì àti yanrìn ni wọ́n pò pọ̀ tí wọ́n kùn lọ́dà! Orí mi gbóná débi pé mo bẹ̀rẹ̀ sí í bú omi inú abọ́.

Àlùfáà onílé wa ló gbọ́ ariwo mi. Bàbá àgbà ni, ọmọ Ìlọrin pọ́ńbélé, ó ń kọ́ni ní kéwú, ó sì ní ọ̀bẹ kékeré kan tó fi ń gbẹ́ kálámù, gègé tó fi ń kọ wàláà. Ọ̀bẹ yẹn mú ju abẹ lọ. Ó ní a kì í fi dídán ra òkúta. Ó ní kí n kàn án kí n gbọ́ bó ṣe ń dún, kí n kán omi sí i, kí n fi èékánná ha á. Èyí tó bá dún ketekete, tó mu omi díẹ̀díẹ̀, tí èékánná ò sì rí nǹkan hó lára rẹ̀, òkúta nìyẹn. Ló bá gba tiyín lọ́wọ́ mi, ó kàn án, ó ní Subuhánà-Lọ́ọ̀, wúrà wà lọ́wọ́ mi, mo lọ ń ra ẹrẹ̀. Ó ní òkúta ò ṣe nǹkan kan, ojú rẹ̀ ni kò tẹ́jú.

Bí ọ̀bẹ ti mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Bàbá yìí fi tàdáwà tó fi ń kọ̀wé fa ìlà sí gbogbo ojú òkúta náà, ó da yanrìn àti omi sórí pèpéle sìmẹ́ńtì tó wà lẹ́yìnkùlé, ó ní kí n máa ra á mọ́ ọn títí tàdáwà yóò fi tán. Ti etí kọ́kọ́ lọ. Ti àárín dúdú kalẹ̀ bí ìdodo. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ra á, apá mi fẹ́rẹ̀ẹ́ já. Bí ihò yẹn ṣe ń kéré sí i, mo rántí pé ọwọ́ yín àti ọwọ́ bàbá yín ló gbẹ́ ẹ, àárò yín sì sọ mí. Mi ò ní ẹbí kankan nílùú yìí, òkúta yẹn nìkan ni. Mo fẹ́ dáwọ́ dúró, ṣùgbọ́n mo tún fẹ́ jẹun.

Ọjọ́ tí tàdáwà tán, ọ̀bẹ gé tòmátì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ọ̀gá mi ní kí n gbé e síwájú àlejò. Inú mi dùn, mo ra fìlà fún yín, mo sì sáré fi lẹ́tà tì í pé mo ra òkúta, ó sì tẹ́jú. Láyí wá kà á fún yín bí ẹni pé mo lọ nájà! Ta ni kí n bínú sí? Mo ti fi àmì ohùn sórí gbogbo ọ̀rọ̀ inú èyí, àmì náà ò sì gbà mí: mo fowó ra òkúta, mo fi yanrìn ra òkúta, ohùn kan náà ni! Ẹ gbà mí o! Fìlà ni mo rà, Bàámi. Òkúta yín, mo ra á mọ́lẹ̀ ni.

Mò ń bọ̀ wálé ọdún. Màá gbé òkúta náà lé itan láti Ìlọrin títí dé Ìkìrun. Ẹ má wo ojú rẹ̀, ẹ ò ní dá a mọ̀. Ẹ dojú rẹ̀ dé, kí ẹ fọwọ́ pa ẹ̀yìn rẹ̀. Ilà mẹ́ta tí bàbá yín kọ fún un wà níbẹ̀, mi ò jẹ́ kí yanrìn kàn án. Lẹ́yìn náà, ẹ pọ́n àdá yín lórí rẹ̀. Bí kò bá mú, ẹ lé mi síta. Bó bá mú, ẹ jókòó, fìlà yín wà nínú àpò mi, èmi fúnra mi ni màá dé e fún yín.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ẹ̀mí yín kúrú, kó má sì jẹ́ kí ọ̀bẹ kú mọ́ wa lọ́wọ́. Ẹ bá mi kí tonílé tàlejò. Ẹ má na Láyí, ẹ kàn ní kó ka èyí lẹ́ẹ̀mejì.

Èmi ni ọmọ yín tí kò ju nǹkan kan nù,
Fọlákẹ́