Ẹni Tí Kò Jẹ́ Kí Wọ́n Fọ́ Ilẹ̀ Ṣọ́ọ̀ṣì: Ìtàn Ìgbésí Ayé Màmá Abọ́sẹ̀dé Oyèdélé (1946–2025)

Ẹ sún mọ́ ibí, ẹ̀yin èèyàn wa. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wá láti Òkúkù, ẹ jókòó ti àwọn ará Ìkìrun. Ẹ̀yin ará Inísà, ilé yín nìyí, ẹ fàyè gba àlejò. Kí ẹni tó mọ̀wé kà kà á sókè fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kà, kí gbogbo wa jọ gbọ́ ọ. Ẹbí Fátóògùn ti Òkúkù àti ẹbí Oyèdélé ti Inísà ló ní kí èmi Àrínọlá, àbúrò olóògbé, kọ ìtàn yìí. Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti kọ́kọ́ kọ tiwọn. Ó dára, ó sì kúrú, ṣùgbọ́n wọn ò fi ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì sí i. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ ìtìjú ni. Kì í ṣe ìtìjú rárá. Orin ni, ẹ jẹ́ n dá a:

Abọ́sẹ̀dé ọmọ Àwẹ̀ró,
omi dé, ó ní kó kúrò,
omi kọ̀, òun náà kọ̀,
ta ni yóò kọ́kọ́ rẹ̀ nínú wọn?

Ọjọ́ Àìkú kan nínú oṣù kẹjọ ọdún 1946 ni a bí ẹ̀gbọ́n mi sí agboolé Fátóògùn ní Òkúkù. Bàbá wa Fátóògùn ń dáko, wọ́n sì ń tọ́jú ọmọdé tí ibà bá ń ṣe. Ìyá wa Àwẹ̀ró ń ta ẹ̀kọ. Ọmọ mẹ́ta la jẹ́. Abọ́sẹ̀dé ni àkọ́bí, èmi tẹ̀lé wọn, Fákáyọ̀dé sì ni àbíkẹ́yìn. Láti kékeré ni ẹ̀gbọ́n mi ti ń da èèyàn láàmú lórí ilẹ̀ tó tutù. Bí omi ẹ̀kọ bá dà sílẹ̀, wọ́n á ní kí n má tẹ̀ ẹ́. Màá tẹ̀ ẹ́. Wọ́n á nà mí, wọ́n á sì tún ilẹ̀ nù. Bẹ́ẹ̀ la ṣe dàgbà.

Ọdún 1953 ni ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé ní Òkúkù, wọ́n sì ka ìwé mẹ́fà parí. Èmi dúró ní ìwé mẹ́ta, nítorí pé orin ni mo máa ń kọ nígbà tí tíṣà bá ń kọ ìṣirò.

Ní 1966, bíríkìlà kan láti Inísà, Oyèdélé, wá rẹ́ ilẹ̀ ilé kan ládùúgbò wa. Ẹ̀gbọ́n mi lọ wò ó, wọ́n ní igun kan kò dọ́gba. Oyèdélé ní, “Ìwọ wá rẹ́ ẹ, ìyá bíríkìlà.” Wọ́n gba irin tí wọ́n fi ń rẹ́lé lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì rẹ́ ẹ. Ní 1967 wọ́n ṣègbéyàwó, wọ́n kó lọ sí Inísà, Ọlọ́run sì fún wọn ní ọmọ mẹ́rin, Ọmọ́wùnmí ni àkọ́bí.

Láti 1975 títí di 2006 ni ẹ̀gbọ́n mi fi jẹ́ kílínà ní ilé ìwòsàn ìjọba kan ní Ìkìrun. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n gbáko ni wọ́n fi nu ilẹ̀. Àwọn dókítà ń bẹ̀rù wọn. Bí dókítà bá tẹ ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ nù, wọ́n á kàn dúró síbẹ̀, wọ́n á máa wo bàtà rẹ̀ títí yóò fi tọrọ àforíjì.

Ní ti ìgbàgbọ́, ọdún 1972 ni wọ́n dara pọ̀ mọ́ Ìjọ Aládùúrà Òkè Ìtùnú ní Inísà, èmi náà tẹ̀lé wọn wọ ẹgbẹ́ akọrin. Gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe mọ̀, ẹsẹ̀ lásán la fi ń wọ ilé àdúrà wa. Ní 1983, ọkọ wọn fi ọwọ́ ara rẹ̀ rẹ́ ilẹ̀ ilé àdúrà náà lọ́fẹ̀ẹ́, sìmẹ́ńtì pupa tó ń dán débi pé o lè fi wo ojú. Àbùkù kan ló ní. Àárín rẹ̀ jìn bí inú àwo. Bí atẹ́gùn bá fẹ́ òjò wọlé, tàbí tí omi àdúrà bá dà sílẹ̀, àárín yẹn ni gbogbo rẹ̀ ń rọ́ lọ. Bàbá Oyèdélé kò gbà pé ilẹ̀ náà jìn títí wọ́n fi kú ní 1999. Wọ́n ní omi ni kò mọ ọ̀nà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyí. Lọ́jọ́ ìkórè 2012, òjò rọ̀ láàárọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ti nu ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mo ń jó bọ̀ pẹ̀lú ẹgbẹ́ akọrin, ẹ̀gbọ́n mi ní, “Àrínọlá, rọra o, àárín ò tíì gbẹ.” Mo ní, “Ẹ fi mí sílẹ̀, Ẹ̀mí ló ń gbé mi.” Ẹ̀mí gbé mi lóòótọ́, ó sì sọ̀ mí kalẹ̀. Egungun ìdí mi sán, eyín iwájú mi méjì yọ.

Bàbá Ọlásúnkànmí, alákòóso ìjọ wa, pe ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n ní, “Ìyá Ọmọ́wùnmí, èèyàn mẹ́rin ló ti ṣubú lórí ilẹ̀ yìí. Tó bá ṣì ń gbomi dúró di ìkórè ọdún tó ń bọ̀, a ó fọ́ ọ, a ó tún un rẹ́.” Ọ̀rọ̀ tó tọ́ ni. Èmi tí mo ṣubú gan-an fara mọ́ ọn.

Ẹ̀gbọ́n mi kò fara mọ́ ọn. Wọ́n ní, “Bàbá, gbogbo ilé tí ọkọ mi kọ́ ni wọ́n ti wó tàbí tí wọ́n ti tà. Ilẹ̀ yìí nìkan ló kù tí mo lè tẹ̀, tí màá mọ̀ pé ọwọ́ rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ọdún kan ni mo tọrọ. N ó fa omi yẹn kúrò.” Bàbá Ọlásúnkànmí ní, “Kí lẹ máa fi fà á?” Wọ́n ní, “Mi ò tíì mọ̀.”

Ọdún tó tẹ̀lé e sú mi ju ọdún kọ́dún lọ láyé mi. Ilé ẹ̀gbọ́n mi ni mo wà nítorí ìdí mi tó ń dùn mí, mi ò sì lè sá. Wọ́n kọ́kọ́ kan rọ́bà tiúbù kẹ̀kẹ́ mọ́ pákó gígùn. Ó ń gbá omi lọ dáadáa. Wọ́n á gbá a dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n á yíjú, omi á ti padà sí àárín. Wọ́n tún mú pọ́ǹpù kẹ̀kẹ́, wọ́n yí awọ inú rẹ̀ padà kó lè máa fà dípò kó máa fẹ́. Ó fà lóòótọ́. Ife kan ló fà, kí ọwọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ro wọ́n. Mo ní, “Ẹ jẹ́ kí wọ́n fọ́ ilẹ̀ náà, ẹ jọ̀ọ́.” Wọ́n ní kí n máa kọrin mi.

Wọ́n wá lọ sí Òkúkù, wọ́n gbé tánkì tí Fákáyọ̀dé máa ń gbé kọ́ ẹ̀yìn fi fín oògùn sóko. Wọn ò sọ fún un. Wọ́n gbé e lọ bá Ọmọ́ṣẹ̀yìndé, wẹ́dà kan ní Ìkìrun, pé kó tún inú rẹ̀ tò, kó máa fa omi wọlé dípò kó máa fín in jáde. Wọ́n ní kó tún ṣe ẹnu irin pẹlẹbẹ kan sí ìdí páìpù rẹ̀, kí rọ́bà méjì wà níbẹ̀, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, bí ètè òkè àti ètè ìsàlẹ̀. Bí o bá ń fi ọwọ́ kan ti ẹnu náà lọ nílẹ̀, tí o ń fi ọwọ́ kejì pọ́ǹpù, rọ́bà á gbá omi jọ, tánkì ẹ̀yìn á sì fà á mu. Afami ni wọ́n sọ ọ́.

Ọmọ́ṣẹ̀yìndé ṣe ẹnu yẹn nígbà mẹ́fà. Ó ní, “Màmá, tí ẹ bá tún padà wá, n ó ti ṣọ́ọ̀bù lọ sí Èkó-Ẹ̀ndẹ́.” Wọ́n padà lọ. Ìṣòro rẹ̀ ni pé bí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í fà, ètè méjèèjì á lẹ̀ mọ́ ilẹ̀ típẹ́típẹ́, kò ní lọ, kò ní bọ̀. Wọ́n ń fà á, mò ń rẹ́rìn-ín.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan mò ń mu ògì. Mo rí i pé ẹ̀gbọ́n mi ń wo ẹnu mi. Mo ní, “Kí ló dé?” Wọ́n ní, “Tún un mu.” Mo tún un mu. Wọ́n ní, “Ibi tí eyín ò sí ni ògì ń gbà wọlé.” Wọ́n dìde nídìí oúnjẹ, wọ́n mú abẹ, wọ́n gé àlàfo-àlàfo sí ètè iwájú afami bí ibi tí eyín ti yọ, wọ́n fi ti ẹ̀yìn sílẹ̀ kó jọ̀lọ̀. Omi ń gba àlàfo iwájú wọlé, ètè ẹ̀yìn ń nu ilẹ̀ gbẹ. Títí di òní, kò sẹ́ni tó dúpẹ́ lọ́wọ́ eyín mi.

Eyín Àrínọlá méjì,
ilẹ̀ ló jẹ wọ́n,
ilẹ̀ ló ń jẹ èrè wọn.

Ní ọ̀sẹ̀ ìkórè 2013, òjò rọ̀, ẹ̀gbọ́n mi pọn afami bí ọmọ, ilẹ̀ sì gbẹ kí orin mẹ́ta tó parí. Gbogbo ìjọ yọ̀. Ìlànà wa ni pé omi tí a ti gbàdúrà sí, tàbí èyí tó ti kan ilẹ̀ ilé àdúrà, kì í bọ́ sí gọ́tà. Ilẹ̀ àánú, níta níbi tí a ti ń dọ̀bálẹ̀ gbàdúrà, la ń dà á sí. Ibẹ̀ ni wọ́n da omi inú tánkì sí, nídìí òdòdó tí Bàbá Ọlásúnkànmí fọwọ́ ara wọn gbìn.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, òdòdó pọ́n, ó gbẹ. Koríko yíká rẹ̀ náà gbẹ. Wòlíì kan ríran pé ẹnìkan ti gbé ohun búburú wọ inú ìjọ. Wọ́n kéde ààwẹ̀ gbígbẹ ọlọ́jọ́ mẹ́ta fún tọmọdé tàgbà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kẹta, ebi ń pa mí, mo wo ẹ̀gbọ́n mi. Mo ní, “Ìyá Ọmọ́wùnmí, kí ni Fákáyọ̀dé ń fi tánkì yẹn fín?” Wọ́n ní, “Oògùn koríko.” Mo ní, “Ẹ fọ̀ ọ́ kẹ́ ẹ tó lò ó?” Wọ́n ní, “Mo fi omi ṣàn án.” Mo ní, “Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n bá àwọn dókítà jà lórí ìdọ̀tí, ẹ fi omi ṣàn án?” Wọ́n wọ sùtánà, wọ́n lọ kúnlẹ̀ níwájú ìjọ, wọ́n sì jẹ́wọ́.

Bàbá Ọlásúnkànmí dìde lórí àga. Wọ́n ní, “Ìyá Ọmọ́wùnmí, igba èèyàn ló ti ń gbààwẹ̀ láti ọjọ́ mẹ́ta nítorí pé ẹ ò fọ tánkì.” Wọ́n ní kí afami má wọ ilé àdúrà mọ́. Wọ́n mú Sátidé kẹta lẹ́yìn ọjọ́ náà pé ọjọ́ yẹn ni wọ́n máa fọ́ ilẹ̀.

Mo rò pé ó ti parí. Ẹ̀gbọ́n mi sunkún lọ́jọ́ kan péré. Lọ́jọ́ kejì wọ́n fi ọṣẹ àti eérú fọ tánkì nígbà méje, wọ́n pààrọ̀ páìpù àti rọ́bà, Fákáyọ̀dé sì bínú dé láti Òkúkù, ó ń bá wọn fọ̀ ọ́, ó ń kùn. Wọ́n lọ ro ojú ilẹ̀ tí òdòdó ti kú, wọ́n gbin tẹ̀tẹ̀ síbẹ̀. Láràárọ̀ ni wọ́n ń pọn omi sínú tánkì yẹn, wọ́n á fi bomi rin ín. Àwọn ará ìjọ ń kọjá, wọn ò kí wọn. Wọ́n ń bomi rin tẹ̀tẹ̀ lọ.

Sátidé pé. Bíríkìlà ti dé pẹ̀lú òòlù ńlá. Bàbá Ọlásúnkànmí ya ilẹ̀ àánú wò kí wọ́n tó wọlé. Tẹ̀tẹ̀ ti yọ, ó ń tutù yọ̀yọ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n fọwọ́ kan ewé rẹ̀. Wọ́n wá ní kí àwọn ọ̀dọ́ ìjọ lọ pọn garawa omi méjìlá, kí wọ́n dà á sí àárín ilé àdúrà. Wọ́n ní, “Ìyá Ọmọ́wùnmí, kí ló wà lẹ́yìn yín yẹn?”

Ẹ̀gbọ́n mi ní, “Ọmọ ni, Bàbá. Omi nìkan ló ń mu.”

Wọ́n da omi sílẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi fà á. Kìkì ìró pọ́ǹpù là ń gbọ́. Ẹ̀ẹ̀meje ni wọ́n jáde lọ da omi nù, wọ́n á padà wọlé. Nígbà tí wọ́n parí, Bàbá Ọlásúnkànmí fi sùtánà funfun kúnlẹ̀ sí àárín gan-an, níbi tó jìn jù. Wọ́n dìde, wọ́n gbé orúnkún sùtánà wò. Ó gbẹ. Wọ́n yíjú sí bíríkìlà, wọ́n ní, “Jẹun kí o tó máa lọ sílé.”

Láti ọjọ́ yẹn, ẹnikẹ́ni kò ṣubú níbẹ̀ mọ́. Ìkórè 2014 ni mo tún jó gba ibẹ̀ kọjá, ẹ̀gbọ́n mi sì ń pariwo lẹ́yìn mi pé kí n rọra, lórí ilẹ̀ tó gbẹ bí ẹ̀fun. Ní ti iṣẹ́ ìlú, afami mọ́kànlá mìíràn ni Ọmọ́ṣẹ̀yìndé bá wọn ṣe. Ọ̀kan wà ní ibi àlùwàlá mọ́ṣáláṣí kan ní Inísà, ọ̀kan wà ní ilé ìgbẹ̀bí kan ní Igbáyé. Wọn ò jẹ́ kí àwọn tó ní in sinmi. Oṣooṣù ni wọ́n ń lọ wo rọ́bà rẹ̀, wọ́n á sì bèèrè bóyá wọ́n ń fọ tánkì.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹta ọdún 2025, lẹ́yìn àìsàn ráńpẹ́, ẹ̀gbọ́n mi sùn nílé wọn ní Inísà, wọn ò sì jí mọ́. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin ni wọ́n. Àwọn tó gbẹ̀yìn wọn ni Ọmọ́wùnmí, Ayọ̀dàmọ́lá, Olúwaṣìkẹ́mi àti Motọ́láyọ̀, àwọn ọmọ wọn, ọmọ-ọmọ mẹ́tàlá, àtọmọdọ́mọ márùn-ún, Fákáyọ̀dé àbúrò wọn, àti èmi.

Láàárọ̀ yìí Ọmọ́wùnmí ti pọn afami, ó ti nu ilẹ̀. Àárín níbi tó jìn yẹn la ó gbé pósí wọn sí, lórí iṣẹ́ ọwọ́ ọkọ wọn. Ẹ bọ́ bàtà yín, ẹ wọlé, ẹ má bẹ̀rù.

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ti yọ mí lẹ́nu tó. Ẹ lọ sinmi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ yín, kí ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́jú fún yín. Ẹ sùn re.

Ẹ̀yin èèyàn wa, iyán àti ọbẹ̀ ẹ̀gúsí wà lábẹ́ àtíbàbà, ìrẹsì wà fún ẹni tí iyán ò bá lára mu, ẹran sì pọ̀. Ẹ jẹ, ẹ bù fún àwọn tó wà nílé. Kí gbogbo wa yó, kí a kọrin délé.