Àga Ẹ̀gbẹ́ Fèrèsé

Olóòtú wa àtàtà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ bá mi bo orúkọ mi.

Aṣọ bẹ́ẹ̀dì là ń rán níbi iṣẹ́ wa. Ọ̀gá gbé àpótí àbá kalẹ̀, ó ní ẹni tí àbá rẹ̀ bá ta yọ ni yóò yan àga tó wù ú. Màmá tó wà nídìí áyọ́ọ̀nù ò mọ̀wé. Ó ní kí n bá òun kọ ọ́ pé kí wọ́n ṣí fèrèsé tí wọ́n kàn pa. Orúkọ ara mi ni mo kọ sí i.

Àbá yẹn ló ta yọ, wọ́n ṣí fèrèsé náà, èmi ló sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ báyìí. Aṣọ funfun ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lọ́wọ́ mi, àfi bíi pé ìkùukùu ni mò ń rán. Màmá ò bá mi jà. Ó kàn ń pè mí láti inú ooru pé, "Ọmọ mi, ṣé atẹ́gùn ń dé ọ̀dọ̀ rẹ dáadáa?"

Ẹ̀yin olùgbọ́, ojú wo ni kí n fi dìde lórí àga yìí?